Ohun Tí Bàbá Hamburg Ń Pè Ní Vemod

Nínú ìwé ètò ìsìnkú bàbá mi àgbà, a kọ ọ́ pé aláyọ̀ èèyàn ni wọ́n. Màmi ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kà á sókè fún gbogbo ìjọ. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa tá a mọ̀ wọ́n la mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà lára wọn tí àwọn fúnra wọn lórúkọ fún, orúkọ yẹn kò sì sí nínú ìwé ètò náà. Ojú ló tì wá láti kọ ọ́. Ní báyìí, àìkọ ọ́ yẹn ló wá ń tì wá lójú.

Bàbá Hamburg la máa ń pè wọ́n, nítorí a ní bàbá àgbà mìíràn ní Abẹ́òkúta. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn kúrò nílé, èbúté Hamburg ni wọ́n sì ti wá dúró. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni kí wọ́n máa fi irin gígùn de kọ̀ǹténà mọ́ ara wọn lórí ọkọ̀ kí ìgbì má baà gbá wọn dà sómi. Nígbà tí Màmi dàgbà, wọ́n wá bá Bàbá ní Jámánì, Berlin ni wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí, ní Marzahn, nínú àwọn ilé gíga wọ̀nyẹn tí wọ́n fi abala kọnkéré tò, tí owó ilé wọn ṣì rọjú díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá máa ń ti Hamburg wá bá wa ṣe Kérésì àti Ìkórè. Àwa náà máa ń lọ bá wọn nígbà ọlidé.

Bàbá kì í kúrò ní èbúté kí ọkọ̀ tó kúrò lójú. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa wọn nìyẹn. Bí mo bá ti dé Hamburg, wọ́n á ra Franzbrötchen fún mi, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó kún fún ṣúgà àti sínámọ́nì, a ó sì lọ dúró sí Landungsbrücken, níbi tí ọkọ̀ kéékèèké ti ń gbé èrò kọjá odò. Bí ọkọ̀ ńlá kan bá ń jáde lọ sójú òkun, ibẹ̀ la ó wà. Afẹ́fẹ́ á máa gbá wa létí. Èmi á sọ ọ́ lédè Jámánì pé òtútù ń mú mi. Bàbá ò ní dáhùn. Ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá ni wọ́n á tó wojú mi.

"Ẹhẹn," wọ́n á ní, "òtútù náà ti wá gbọ́ ọ báyìí." Wọ́n á sì ṣí kóòtù wọn bò mí.

Lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹnì kan nínú ọkọ̀ tó ń lọ. Wọ́n ní rárá. Mo ní kí ló wá dé tá a fi ń dúró. Wọn ò wò mí, ọkọ̀ ni wọ́n ń wò. "Ẹni tó bá ń lọ, a máa ń fojú sìn ín títí ojú ò fi ní tó o mọ́. Bá a bá tètè kẹ̀yìn sí i, ó ti dà bíi pé a lé e."

Ojú òkun ni wọ́n ti rí orúkọ tí mò ń sọ yìí. Ọkọ̀ àwọn ará Norway ni wọ́n kọ́kọ́ bá jáde ní Apápá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, wọ́n sì ń bá kúùkù ọkọ̀ náà fọ abọ́. Kúùkù yìí ti dàgbà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí omi rọra tẹ́jú, tí oòrùn ń wọ̀, Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Kúùkù ń bó ànàmọ́ òyìnbó. Ó bi wọ́n bóyá ebi ń pa wọ́n. Bàbá ní rárá. Ó bi wọ́n bóyá ara wọn ò yá. Rárá. Ṣé ẹnì kan kú nílé ni? Rárá. Ọkùnrin náà mi orí.

"Vemod," ó ní, ó sì padà sídìí ànàmọ́ rẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín. Kò gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó kàn sọ orúkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń dárúkọ ẹyẹ tó bà lórí okùn ọkọ̀. Bàbá ní ohun náà ò fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó bá a wá kúrò lọ́kàn àwọn. Bí wọ́n bá sọ ìtàn yìí tán, bí wọ́n ṣe máa ń parí rẹ̀ nìyí: "Ohun tó bá ti lórúkọ, èèyàn lè bá a gbélé."

Mo máa ń bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Mo ní ṣé kì í ṣe àárò lásán ni. Wọ́n ní àárò máa ń mọ ẹni tó ń wá, bí ẹni náà bá wọlé, àárò tán. Mo ní ìbànújẹ́ ńkọ́. Wọ́n ní nǹkan ti máa ń ṣẹlẹ̀ kí ìbànújẹ́ tó dé. Ohun kan á ti fọ́ nílẹ̀. Vemod ò nílò kí nǹkan kan fọ́. Oúnjẹ lè dùn, kí ọmọ èèyàn jókòó tì í, kí ara le, kí èèyàn kàn rí i lójijì pé gbogbo ohun rere yìí ń kọjá lọ, kódà bó ṣe wà níwájú òun. Mo rántí òwe tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo ní àbí bí ewúro ni, tí adùn ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Inú wọn dùn sí i pé mo mọ òwe, ṣùgbọ́n wọn ò gbà.

"Tiẹ̀ kò ní ti ìgbẹ̀yìn," wọ́n ní. "Adùn àti ìkorò, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà wọlé."

Ìyá arúgbó ará Jámánì kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé Bàbá ní Hamburg. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, Tíṣà ni Bàbá sì ń pè é. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń mu tíì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan, Bàbá fi ọ̀rọ̀ Norway wọn yangàn fún un. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti Norway ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó ní èdè àwọn baba òun ni, èdè àtijọ́ tí wọ́n ń sọ létí òkun níhìn-ín kí Jámánì ilé ìwé tó borí rẹ̀. Láyé ọjọ́un, àwọn oníṣòwò láti àwọn èbúté ìhà yìí máa ń wọkọ̀ lọ sí Norway, Sweden àti Denmark, wọ́n ń ta iyọ̀ àti ọtí bíà, wọ́n sì ń ra ẹja. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn onílé. Ó ní apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà ni ìrora, apá kejì ni ọkàn. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pè é ní Wehmut títí dòní, ṣùgbọ́n àwọn ará Norway lọ́hùn-ún ló tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ẹyin.

Bàbá ò lè pa á mọ́ra. Wọ́n tẹ̀ wá láago lọ́jọ́ náà gan-an. Màmi rò pé aburú ló ṣẹlẹ̀. "Mọjí," ni Bàbá wí fún Màmi, "ọ̀rọ̀ tí mo rí he lójú agbami, àṣé ibi tí mò ń gbé yìí ni wọ́n ti bí i."

Màmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wà pẹ̀lú wọn ní Moabit, ní ọ́fíìsì àwọn àjèjì ní Berlin, lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gba ìwé ìgbélùú wọn, Bàbá sì ti Hamburg wá láti jókòó tì wá. A ti pẹ́ lórí ìjókòó. Màmi ń ṣí báàgì, wọ́n ń ka ìwé inú rẹ̀ lákàtúnkà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ ti ìbátan wa kan.

"Ó ti ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí jáde lọ sí Norway," wọ́n ní, "ó jókòó síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó wá sí Moabit."

Màmi bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó jókòó níwájú wa yíjú padà. Wọn ò tún ṣí báàgì náà mọ́ títí wọ́n fi pè wá wọlé.

Ìjọ wa ló kọ́ mi ní kíkà àti kíkọ èdè yìí. Nínú gbọ̀ngàn tí àwọn ará Jámánì ń yá wa lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, wọ́n fi sùúrù kọ́ wa ní àmì ohùn, àwa ọmọ tó ń fi Jámánì dáhùn. Nígbà tí Màmi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ìrẹsì ò wọ́n nílé wa nítorí wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí wọn, n kò sì ní dákẹ́ ọpẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà tí àwa ń ṣe. Ohunkóhun tó bá ti wúwo lọ́kàn èèyàn, a ti gbà pé ẹnì kan ló gbé e rù ú, àfi ká sọ ọ́ kalẹ̀ fún un kíákíá.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, wọ́n máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á jókòó sójú fèrèsé, wọ́n á máa wo tíráàmù tó ń yí kọ́nà lọ nísàlẹ̀. Orin ìsìn wọn máa ń falẹ̀. Bí ìjọ bá ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ wọn á wà lórí itan. Màmi ti di díákónẹ́ẹ̀sì nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń bi wọ́n ohun tó ń ṣe bàbá wọn. Màmi sọ fún Màmá Àdúrà, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà. Màmá Àdúrà bi wọ́n bóyá ohun náà lórúkọ. Màmi ní ó ní. Wọ́n bi wọ́n níbo ni Bàbá ti mú un. Màmi ní lójú òkun ni, nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Màmá Àdúrà mí kanlẹ̀, wọ́n pa ojú dé. Ohun tó bá ti inú omi bá ọ̀dọ́mọkùnrin wálé, tó ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nílé, lójú wọn, kò tún sí ohun tó kù láti béèrè.

Ọ̀sẹ̀ Ìkórè ni ẹgbẹ́ aládùúrà wá, wọ́n kún pálọ̀ wa. Bàbá wo gbogbo wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní ṣé àwọn ń ṣàìsàn ni kí àwọn sì má mọ̀. Màmi kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n mo sún mọ́ wọn, mo gbọ́.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti pè wọ́n ná. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí."

Bàbá wo àwọn ife tí Màmi ti tò sórí tábìlì fún àlejò. Wọ́n wo ojú ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n di apá àga mú, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú orúnkún tí irin èbúté ti bà jẹ́, níwájú àwọn tí wọ́n lè bí. Màmá Àdúrà gbé ọwọ́ lé wọn lórí, wọ́n sì pàṣẹ fún un lórúkọ. "Ìwọ vemod, tú bàbá yìí sílẹ̀." Gbogbo ilé gbè é. Aládùúgbò ń gbá ògiri, a kò dáhùn. Bàbá ò dìde títí ó fi rẹ gbogbo wọn. Nígbà tí Bàbá wá dìde, kò sí ẹni tó lè wò wọ́n lójú, ó sì dà bíi pé Bàbá gan-an ló fẹ́ fi gbogbo wa lọ́kàn balẹ̀.

"Ẹ ṣeun o," wọ́n ní. "Ẹ jókòó, ẹ jẹun. Ọmọ mi ti se oúnjẹ."

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí Bàbá wá jẹ́rìí. Wọ́n fi máìkì lé wọn lọ́wọ́. Màmi jókòó níwájú pẹ̀lú gèlè funfun, ojú wọn ti ń dán. Bàbá kí ìjọ dáadáa, wọ́n kí alùfáà, wọ́n kí Màmá Àdúrà fún làálàá wọn.

"Wọ́n ní kí n wá sọ fún yín pé ó ti lọ," ni Bàbá wí. "Kò tíì lọ. Ẹ bá mi dúpẹ́."

Wọ́n dá máìkì padà, wọ́n sì lọ jókòó. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ò mọ orin tó yẹ kó mú.

Nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, Màmi ò bá wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà tá a délé ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Màmi ní Bàbá dójú ti àwọn níwájú gbogbo ìjọ, pé kò sí bí àwọn ṣe fẹ́ gbé orí dúró láàárín àwọn díákónẹ́ẹ̀sì ẹlẹgbẹ́ àwọn. Bàbá ò gbé ohùn sókè.

"Kí ojú má baà tì ọ́ ni mo ṣe kúnlẹ̀, Mọjí. Irọ́ ló kù tí mi ò lè pa fún ọ. Olúwa mọ̀ dájú pé òun máa jí ọ̀rẹ́ òun dìde, ó sì kọ́kọ́ dúró sunkún. Kí lẹ fẹ́ lé jáde lára Olúwa?"

Màmi wọ yàrá, wọ́n tìlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ tí Bàbá ń padà sí Hamburg, Màmi ò sìn wọ́n. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni mo gbé báàgì Bàbá dé ibùdókọ̀ ojú irin. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ń wo àtẹ̀gùn tí èrò ń gbà gòkè wá. Gbogbo obìnrin tó bá wé nǹkan mọ́rí ni ojú wọn ń bá gòkè. Nígbà tí ilẹ̀kùn fẹ́ tì, wọ́n rántí pé mo wà níbẹ̀.

"Bó bá wá lẹ́yìn tí a ti lọ," wọ́n ní, "sọ fún un pé kì í ṣe òun ló pẹ́. Ọkọ̀ ló yára."

Mo dúró títí ọkọ̀ fi kúrò lójú, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo jíṣẹ́ náà fún Màmi. Wọ́n ń ká aṣọ lọ́wọ́. Wọ́n tú èyí tí wọ́n ti ká, wọ́n tún un ká.

Láti ìgbà náà, orí fóònù ni. Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ilé yín ń móoru? Ẹ kú ìtọ́jú. Kérésì dé, Màmi ní iṣẹ́ pọ̀, Bàbá náà ní ìrìn àjò náà jìn fún àwọn báyìí. Àwọn méjèèjì gba àwáwí ara wọn. Màmi sì ń sọ fún mi pé tí òtútù bá ti dínkù, àwọn á lọ.

Òtútù ò tíì dínkù nígbà tí Tíṣà pè wá ní òwúrọ̀ kan. Ó ti bá Bàbá nílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn níbi tí wọ́n ṣubú sí, ọkọ̀ aláìsàn sì ti gbé wọn lọ. Èmi àti Màmi wọ ọkọ̀ ojú irin tó kọ́kọ́ ń lọ. Láti Berlin dé Hamburg, Màmi ò jókòó, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, bíi pé ìyẹn máa jẹ́ kí ọkọ̀ tètè dé. Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń dúró dè wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ níwájú. Ó mú wa wọlé. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ bo Bàbá dáadáa, wọ́n sì ti ya irun wọn sí ẹ̀gbẹ́ tí wọn kì í yà á sí. Màmi fi ìka tún irun náà yà.

"Ọkọ̀ ti lọ," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

A sin Bàbá sí Hamburg. Ní ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ itẹ́ òkú kì í da erùpẹ̀ bo pósí lójú ẹbí. Wọ́n máa ń dúró lọ́ọ̀ọ́kán títí gbogbo èèyàn á fi lọ. Oúnjẹ ń tutù nínú gbọ̀ngàn, bọ́ọ̀sì tó kó ìjọ wá láti Berlin sì ń dúró. Àwọn èèyàn ń fa Màmi lọ́wọ́. Màmi ní kí gbogbo wọn máa lọ. Àwọn ò tíì ní kúrò níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà wo ara wọn, ojú ń tì wọ́n láti ṣiṣẹ́ wọn níwájú Màmi. Màmi náà ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé ojú sí, ṣùgbọ́n wọn ò yí ẹ̀yìn padà. Tíṣà wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, èmi dúró sí èkejì. Ìgbà tí wọ́n tẹ́ erùpẹ̀ pẹrẹsẹ tí a kò rí ohunkóhun mọ́ ni Màmi tó gbé ẹsẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ni ọjọ́ ìdúpẹ́. Ìjọ ti kọrin, wọ́n ti gbàdúrà. Màmá Àdúrà fi máìkì lé Màmi lọ́wọ́, wọ́n ní kí díákónẹ́ẹ̀sì wa wá sọ bí Olúwa ṣe gbé ẹrù ìbànújẹ́ kúrò. Gbogbo ojú rọ̀ mọ́ wọn. Mo rí i tí Màmi fi ọwọ́ kan gèlè wọn, bí ẹni tí nǹkan fẹ́ já bọ́ lórí rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n wá sọ fún yín pé ó ti lọ," ni Màmi wí, wọn ò sì gbójú sókè. "Kò tíì lọ. Ẹ bá mi dúpẹ́."

Gbogbo ìjọ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ẹni tó ń tẹ dùùrù gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn ìsìn, èmi àti Màmi ń fọ ife nínú ilé ìdáná gbọ̀ngàn náà. Màmá Àdúrà wọlé, wọ́n mú aṣọ ìnuwọ́ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ife.

"Díákónẹ́ẹ̀sì, mo pariwo lé bàbá yín lórí."

Màmi ń da omi gbígbóná sínú ọpọ́n. Wọ́n dúró.

"Èmi ni mo pè yín," Màmi ní.

Màmi ń fọ̀, Màmá Àdúrà ń nù, títí ife fi tán, wọn ò sì tètè kúrò nídìí ọpọ́n náà.

Mo gbà gbọ́ pé Bàbá mi àgbà wà lọ́dọ̀ Ẹni tó kọ́kọ́ sunkún kó tó jíni dìde, n kò sì bẹ̀rù fún wọn. Àwa tó kù ni ojú ń tì. Ṣùgbọ́n, Bàbá, ẹ jẹ́ kó yé yín pé a kò tíì kẹ̀yìn sí yín. A ṣì wà ní èbúté.